Ìbọn ọdẹ nìkan kò lè dín ẹlẹ́dẹ̀ igbó kù l'Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ: "Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọdẹ máa pa wọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ igbó á tán nílẹ̀." Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ọ̀bàyéjẹ́ ni wọ́n. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 6 l'Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tí wọ́n bá sì fi imú tú oko rẹ̀ lóru ọjọ́ kan kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀rí. Ṣé ìbọn ló máa wá dín wọn kù ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé. Akọ tó ti dàgbà ló máa ń dá rìn. Àwọn abo, ìyá àtọmọ, agbo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ̀. Ọdẹ á da àgbàdo sílẹ̀ fi ṣe ìjẹ, á lúgọ, á yìnbọn. Ẹyọ kan ṣubú, bóyá méjì. Àwọn yòókù ti fọ́n ká. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ibi tí ìbọn ti dún, òru ni wọ́n á máa jáde, oko ẹlòmíì ni wọ́n á sì yà sí. Bẹ́ẹ̀, oyún wọn kò ju nǹkan bí ọjọ́ 115 lọ, wọ́n sábà máa ń bí tó mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, abo tí kò tíì pé ọdún kan sì lè lóyún. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà ń tẹ̀ lé ni pé a ní láti mú bíi 70 kúrò nínú 100 lọ́dọọdún kí wọ́n má baà máa pọ̀ sí i. Ẹni tó ń pa méjì lópin ọ̀sẹ̀ kò lè débẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi fòfin de kí ọdẹ máa pa wọ́n lórí ilẹ̀ tí àjọ ìpamọ́ ẹ̀dá ń bójú tó ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ọgbà onírin ni wọ́n ń lò níbẹ̀: wọ́n á máa da àgbàdo sínú rẹ̀ títí ara agbo á fi balẹ̀, wọn ò sì ní já ilẹ̀kùn wálẹ̀ àfi ìgbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Ìpínlẹ̀ Tennessee ti dán ọ̀nà kejì wò, ìyẹn ìbọn ọdẹ. Wọ́n ṣí ọdẹ sílẹ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀ náà ní 1999, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, torí pé àwọn kan ń kó wọn lọ tú sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun dọdẹ. Wọ́n yí òfin náà padà ní 2011.

Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2019, kò pọn dandan kéèyàn ní ìwé àṣẹ ọdẹ kó tó pa wọ́n lórí ilẹ̀ aládàáni. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ ti rúfin.

Mi ò sọ pé ìbọn kò wúlò rárá o. Ó lè wúlò fún ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó agbo, bóyá fún onílẹ̀ tí kò dẹwọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì máa pa wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń kun ẹran náà. Àrùn brucellosis máa ń wà lára wọn, ojú ọgbẹ́ kékeré ọwọ́ yín sì tó fún un láti wọlé. Ẹ sè é jinná dáadáa.