Ìdálẹ́kun Tí Ń Ṣírò: Bí Ìdí Ọpọlọ Ṣe Ń Mọ Apá Ibi Tí Ìró Ti Wá

Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa ọpọlọ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ ìdálẹ́kun, ìyẹn kí sẹ́ẹ̀lì kan sọ fún òmíràn pé kí ó má ṣe dáhùn, bí ẹni pé ìjánu lásán ni, tí ó kàn wà kí ariwo inú orí má baà pọ̀ jù. Ní ìdí ọpọlọ, níbi tí ó ti so mọ́ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdálẹ́kun wà lára ohun tí ó ń ṣe ìṣirò níbẹ̀.

Bí etí ṣe ń sọ ìró di àmì iná kò ní gba àyè wa níhìn-ín. Bí ìró olóhùn tín-ín-rín bá wá láti ọwọ́ ọ̀tún, orí yóò dí i lọ́nà, kò sì ní dún tó bẹ́ẹ̀ ní etí òsì. Lápá kọ̀ọ̀kan ìdí ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀ka tí àwọn onímọ̀ ń pè ní LSO, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ láti etí méjèèjì. Iṣẹ́ tí ó ti etí apá tiwọn wá ń ru wọ́n sókè nípasẹ̀ kẹ́míkà glutamate. Èyí tí ó ti etí kejì wá ń dá wọn lẹ́kun nípasẹ̀ glycine. Wọ́n ń yọ èkejì kúrò lára èkíní, ohun tí ó bá ṣẹ́kù sì ń fi hàn bí ìró náà ṣe fì sí apá kan tó.

Ìyọkúrò yìí kò lè yọrí àfi bí iṣẹ́ méjèèjì bá dé pọ̀, ọ̀nà wọn kò sì dọ́gba. Ti ìdálẹ́kun gbọ́dọ̀ kọjá láti apá kan orí sí ìkejì, kí ó sì yà ní ẹ̀ka MNTB, níbi tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń gbà á tí ó sì ń sọ ọ́ di glycine. Ó dà bí ìlàrí méjì tí a rán sí baálẹ̀ kan náà: èkíní ń mú "ṣe é" bọ̀ láti ìtòsí, èkejì ń mú "má ṣe é" bọ̀ láti òdìkejì odò, yóò sì tún fa iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Bí èkejì bá pẹ́ díẹ̀, baálẹ̀ ti ṣe é tán. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ni a gbọ́dọ̀ fún ní ẹṣin tí ó yá jù, kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti gun ẹṣin tirẹ̀ dúró dè é.

Ẹṣin náà ni okùn iṣan tí ó nípọn, tí àmì ń yára gbà kọjá. Ibi ìfàlélọ́wọ́ ni calyx of Held, tí Hans Held ará Jámánì ṣàpèjúwe ní ọdún 1893. Níbòmíràn nínú ọpọlọ, orí okùn iṣan kékeré ni ó máa ń kan sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà a sì kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ kí ó tó fọhùn. Èyí yàtọ̀: orí okùn kan ṣoṣo gbá sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, ó sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi tí ó ti ń tú glutamate jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan rò pé ìtóbi yìí wà kí iṣẹ́ náà lè pariwo. Rárá o, àìṣiyèméjì ni ó ń rà. Bí àmì kan bá wọlé, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jáde nígbà gbogbo, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ihò ara sẹ́ẹ̀lì tí èròjà potassium ń gbà jáde, tí ó tètè ń ṣí, sì ń dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sípò kí òmíràn tó dé. Ó wú ni lórí pé ibi ìfàlélọ́wọ́ tí ó gba ohun èlò tó báyìí, nítorí "má ṣe é" ni a ṣe kọ́ ọ.

Fún ìró tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àkókò ni MSO, ẹ̀ka mìíràn ní ìdí ọpọlọ, ń wò: nínú ènìyàn, etí kan kì í fi ju bí 0.7 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ ṣáájú èkejì. Ní 1948, onímọ̀ Lloyd Jeffress dábàá pé gígùn okùn iṣan nìkan tó láti wọn ìyàtọ̀ náà, àbá yìí sì bá ọpọlọ òwìwí mu. Ẹwà rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó mú kí àwọn ìwé kan máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ẹran afọ́mọlọ́mú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní 2002, Benedikt Grothe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi májèlé strychnine dí glycine nínú ọpọlọ gerbil, eku aginjù kan, ìyàtọ̀ àkókò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń dáhùn sí jù lọ sì sún lọ sí òdo, ìyẹn ìgbà tí ìró dé etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí bí ìdálẹ́kun ṣe ń ṣe é gan-an. Nínú LSO ọmọ gerbil, kẹ́míkà GABA ni ìdálẹ́kun kọ́kọ́ máa ń gbára lé. Glycine, tí àmì tirẹ̀ tètè ń parẹ́, ni ó ń gba ipò rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà.