Ẹ yé pè é ní "dátà àdáni": àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ lọ́wọ́ jọ́nà

Gbogbo ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn olùwádìí fi ń gbé iṣẹ́ wọn jáde, ti bá ìpínrọ̀ kékeré yẹn pàdé lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, èyí tó ní orúkọ àti íméèlì tẹ́ ẹ bá kọ síbí, iṣẹ́ jọ́nà yìí nìkan la máa fi ṣe, a ò ní gbé e fún ẹlòmíì. Inú OJS ni ìpínrọ̀ yẹn ti wá, sọ́fítíwía ọ̀fẹ́ tí Public Knowledge Project ní Kánádà ṣe tí ọ̀pọ̀ jọ́nà wa ń lò, àwọn olótùú kàn fi sílẹ̀ bó ṣe wà ni. Kò burú. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe wá ń pe orúkọ, íméèlì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní personal data, ní Yorùbá. Ẹnì kan á ní "dátà àdáni", ẹlòmíì á ní "ìwífún ara ẹni", àwọn kan tiẹ̀ ń kọ "àṣírí olùlò". Èmi o, "àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀" ni mò ń pè é, mi ò sì ní yí i padà.

Ẹ kọ́kọ́ mú dátà kúrò níbẹ̀. Ní Nàìjíríà lónìí, dátà ni ohun tí à ń rà sórí fóònù, tó ń tán kí fídíò tó parí. Ẹ lọ sọ fún màmá tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò pé "a máa dáàbò bo dátà yín", á ṣàdúrà fún yín, á máa retí 1GB. "Àdáni" ńkọ́? Ilé-ìwé àdáni, ilé ìwòsàn àdáni, ohun tí ẹnì kan dá ní tí kì í ṣe ti ìjọba nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo dá orúkọ mi ní, bàbá mi ló sọ mí, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é. "Ara ẹni" sàn díẹ̀, àmọ́ létí tèmi ó ń dún bí ìmọ́tótó ara ẹni tí wọ́n kọ́ wa ní pírámárì.

Àṣírí ló burú jù, torí irọ́ ló ń kọ́ èèyàn. Àṣírí ni ohun tí o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ fẹ́ kí gbogbo ayé rí orúkọ òun lórí ẹ̀, àti yunifásítì ẹ̀ àti íméèlì ẹ̀ àti ORCID ẹ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì 16 tí wọ́n fi ń dá olùwádìí mọ̀, ṣebí torí promotion náà ló ṣe kọ ọ́. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, síbẹ̀ òfin ń ṣọ́ ọ. Tí jọ́nà bá lọ ta íméèlì yẹn fún àwọn tó ń pe èèyàn sí àpérò tí ò sí, kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ó sì ti jẹ̀bi.

Òfin tí mò ń sọ, Nigeria Data Protection Act ti 2023, ò bèèrè bóyá nǹkan pamọ́ àbí kò pamọ́. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé a lè ti ara nǹkan yìí dá èèyàn kan mọ̀, yálà tààrà tàbí tá a bá so ó mọ́ nǹkan mìíì? GDPR, òfin irú ẹ̀ ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 2018, ohun kan náà ló ń sọ. Dá èèyàn mọ̀. Ìdánimọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lórí káàdì inú pọ́ọ̀sì yín, kí la tún ń wá kiri?

Ẹnì kan bá mi jà pé ìdánimọ̀ kéré jù, pé orúkọ àti NIN nìkan ló máa sọ sí èèyàn lọ́kàn, ọjọ́ orí ńkọ́, àìsàn ńkọ́. Mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dáa gan-an nìyẹn. Láàárín àwọn ọdún 1990, ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yọ orúkọ kúrò lára àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn, wọ́n gbé e fún àwọn olùwádìí, wọ́n ní ó ti parí. Latanya Sweeney, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà yẹn, fi $20 ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge, ó fi ọjọ́ ìbí, akọ àbí abo, àti ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, wé ara wọn, ló bá fa àkọsílẹ̀ ìtọ́jú gómìnà fúnra ẹ̀, William Weld, yọ. Orúkọ ò sí níbẹ̀ o! Ó tún padà ṣírò ẹ̀ pé nǹkan mẹ́ta yẹn tó láti dá bíi 87% àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀. Wàyí, ẹ̀yin olótùú jọ́nà ìṣègùn, ẹ yọ orúkọ aláìsàn, ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "obìnrin ẹni ọdún 44, alápatà, tó bí ìbẹ́rin ní ìlú kékeré kan ní Ìbàràpá". Obìnrin alápatà mélòó ló bí ìbẹ́rin ní Ìbàràpá? ICMJE, ẹgbẹ́ àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn, ti sọ ọ́ pé ká kàn bo ojú aláìsàn nínú fọ́tò ò tó, àti pé tí wọ́n bá ṣì lè dá a mọ̀, ó yẹ kó rí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé jáde náà. Kó rí i o, kì í ṣe kí wọ́n sáré tẹ ìka ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó wá gba abẹ́rẹ́.

Báwo wá ni jọ́nà ṣe ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ yìí? Ẹ wo egúngún. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀kú, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ, atọ́kùn ló ń darí ẹ̀, òun ló sì ń fi pàṣán lé àwọn tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn jù. Olùyẹ̀wò iṣẹ́, ẹni tí olótùú ń gbé iṣẹ́ ẹlòmíì fún kó yẹ̀ ẹ́ wò láìjẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ni egúngún, olótùú ni atọ́kùn. Orúkọ olùyẹ̀wò ò pa rẹ́, ó wà lọ́wọ́ olótùú, wọ́n kàn daṣọ bò ó ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń pè é ní "aláìlórúkọ". Jọ́nà tí gbogbo ọ́fíìsì ti jọ ń lo pásíwọọ̀dù olótùú kan ṣoṣo, gbogbo wọn ti di atọ́kùn nìyẹn, títí kan ọmọ IT tó wá fún oṣù mẹ́fà. Egúngún tó bá sì wọ bàtà tó ń wọ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ jáde, ta ni ò ní mọ̀ ọ́n? Bàtà yẹn ni fáìlì Word. Olùyẹ̀wò á fa iṣẹ́ èèyàn ya pẹrẹpẹrẹ, ẹni tó ni iṣẹ́ á ṣí Properties, á bá orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú Author.

Ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ má rò pé bọ́tìnì kan wà fún un nínú OJS, ńṣe ni wọ́n máa ń da àkáǹtì náà pọ̀ mọ́ òmíì, orúkọ tó ti jáde lórí àpilẹ̀kọ kì í sì í bá a lọ. Tí àwọn kan bá já wọ inú wẹ́ẹ̀bù jọ́nà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ lọ, tó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni jọ́nà ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin yẹn ní Nàìjíríà, létí. Mélòó nínú wọn ló tiẹ̀ mọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ iṣẹ́ wò, kẹ́ ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document, kẹ́ ẹ yọ gbogbo ohun tó bá tọ́ka sí yín níbẹ̀. Kọ́mẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ ìwé náà ńkọ́, orúkọ yín wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kẹ́ ẹ sì tún àbọ̀ yín kà bóyá ẹ ò ti sọ fún ọmọlọ́mọ pé kó lọ ka àpilẹ̀kọ mẹ́rin tí ẹnì kan ṣoṣo kọ, ìyẹn ẹ̀yin fúnra yín, torí Word ò lè bá yín yọ ìyẹn.