Ìgbà Mélòó Lẹ Fẹ́ Di Àtúnbí?

Ọkùnrin kan wá bá mi pé kí n tún òun rì bọmi. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ti ṣe é fún un rí. Ó fi ìka kà á, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn ìṣubú kọ̀ọ̀kan ló máa ń wá ìjọ mìíràn lọ, wọn á sọ fún un pé ti tẹ́lẹ̀ kò wọlé, wọn á sì tún un rì. Mo ní, "Ta lo ṣẹ̀?" Ó ní Ọlọ́run ni. Mo ní, "Mo gbọ́. Ta tún ni?" Ó dákẹ́ títí. Nígbà tó máa lanu, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, owó tí àwọn jọ ní ni òun kó jẹ. Ó ti wọnú omi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò tíì kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe òun nìkan. Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń jókòó ti àwọn tó fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà padà. Mo kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kí èèyàn tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, màá ti mọ ibi tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tó ń sú mi jù ni pé àtìbẹ̀rẹ̀ ni kálukú máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jáde síwájú lónìí, wọ́n á tún jáde lóṣù tó ń bọ̀, àdúrà kan náà, omijé kan náà. Ọmọ tó sá nílé kì í ní kí ìyá òun tún òun bí kí òun tó wọlé. Wíwọlé ló kù fún un.

Mi ò ní ṣàlàyé ìrònúpìwàdà níbí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ láìmọye ìgbà. Ẹni tó bá fẹ́ kúkúrú, kó ka Jòhánù kìíní 1:9, kó sì gbà á gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ni mo fẹ́ dúró lé.

Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gàlátíà, orí 6 ẹsẹ 1, ó ní bí a bá mú èèyàn nínú ìṣubú kan, kí àwọn tí í ṣe ti Ẹ̀mí "mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò" ní ẹ̀mí ìwà tútù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni katartizō. Òun náà ni Máàkù 1:19 lò nígbà tí Jésù bá Jákọ́bù àti Jòhánù nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ sì ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún eegun títò. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Eegun tó yẹ̀, wọn kì í gé e sọ nù kí wọ́n wá òmíràn fi sí i. Ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti yẹ̀ gan-an. Bó bá fa ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó jẹ́ pé ọrùn-ọwọ́ ló yẹ̀, ìrora lásán ló dá sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rọra. Lẹ́yìn tó bá sì ti tò ó tán, á dì í, á sì sọ fún ẹni náà pé kó má tíì fi gbé ẹrù. Ọwọ́ náà á máa ro ó fún ìgbà díẹ̀. Ríro yẹn kọ́ ló ń sọ pé kò bọ́ sípò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Nítorí ohun tó ń lé àwọn èèyàn padà sórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kẹfà nìyẹn: wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n jí lọ́jọ́ kejì, ọkàn wọn ṣì gbẹ bí igi, Bíbélì ò dùn ún kà, wọ́n wá ní Ọlọ́run ò tíì dárí jì àwọn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ lọ wo Dáfídì. Nínú Sámúẹ́lì kejì 12:13, ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Nínú ẹsẹ kan náà, kó tó mí èémí kejì, Nátánì ti dá a lóhùn pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ìdáríjì dé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Sáàmù 51 tí a mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ohun tó ń tọrọ: kí Olúwa mú ayọ̀ ìgbàlà padà tọ òun wá, kí àwọn eegun tí Ó ti rún lè máa yọ̀. Eegun, ẹ rí i! Òun náà ṣì ń dúró de ayọ̀. Ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un kú, idà ò sì kúrò nílé rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí a dárí jì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù 15. Ó há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí, títí kan pé kí bàbá fi òun ṣe alágbàṣe. Nígbà tó délé, kò ráyè sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bàbá ti ń ké sí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kí wọ́n mú aṣọ wá.

Inú gbígbẹ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tí mo fẹ́ bá wí máa ń bá èèyàn. Wọ́n á ní ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ló ń dà á láàmú, wọ́n á ní àtọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀ ló ti wá, wọ́n á kọ ọjọ́ ààwẹ̀ fún un, wọ́n á fún un ní òróró, owó á sì jáde. Ó ń dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ purọ́, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi tí kò yẹ, ẹ sọ fún un pé ẹ̀mí kan ló gbé e lọ. Ẹ ti gba ìjẹ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, òun sì nìkan ni ọ̀nà tó ní. Kí ló máa jẹ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é? Mo ti rí ẹni tó gba irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án, tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rí.

Ọ̀nà àbùjá yìí ti pẹ́. Ní ọdún 250, nígbà tí Decius ọba Róòmù pàṣẹ kí gbogbo èèyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà, ọ̀pọ̀ Kristẹni ló rúbọ, àwọn mìíràn sì ra ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rú u. Nígbà tí ojú wálẹ̀, wọ́n fẹ́ padà. Ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, wọ́n ń tọ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ìgbàgbọ́ lọ kí wọ́n bá àwọn kọ lẹ́tà pé kí ìjọ gbà wọ́n kíákíá. Cyprian tí í ṣe bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ráhùn pé àwọn lẹ́tà kan tilẹ̀ wà tó ní kí wọ́n gba lágbájá "àti àwọn tirẹ̀", láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ìdáríjì fún àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a ò gbọ́!

Lódì kejì ni Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, dúró sí. Ó ní ẹni tó bá ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ìjọ ò gbọ́dọ̀ gbà á padà mọ́. Àwọn ọmọ Novatian ṣì wà láàárín wa, wọ́n á na Hébérù 6, níbi tó ti ní kò ṣeé ṣe láti tún mú àwọn tó ṣubú wá sí ìrònúpìwàdà, sí ẹni tó ń sunkún. Ìbéèrè mi sí wọn ni pé ṣé wọ́n ka ẹsẹ 9, níbi tí ẹni tó kọ ìwé náà ti sọ fún àwọn olùfẹ́ rẹ̀ pé ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ló dá òun lójú nípa wọn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé òun ti lọ jù, tó ń wá ẹni tó máa bá òun sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ kò tíì kú. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ mi tí ilẹ̀kùn tì mọ́.

Ẹni tí ẹ máa jẹ́wọ́ fún tún ṣe pàtàkì. Ẹ wo Júdásì nínú Mátíù 27. Ó kábàámọ̀, ó dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà, ó ní òun ti ṣẹ̀. Kí ló kù? Àwọn olórí àlùfáà ló lọ bá, wọ́n sì ní kí ló kàn wọ́n nínú ìyẹn. Ó bọ́ sóde, ó lọ pokùnso. Pétérù náà ṣẹ̀, ó sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará ló wà títí Jésù fi bá a létí òkun, níbi iná ẹ̀yín tí Ó dá. Níbi irú iná ẹ̀yín bẹ́ẹ̀ ló ti sẹ́ Ẹ. Ìbéèrè mẹ́ta fún ìsẹ́ mẹ́ta. Ibi tó ti yẹ̀ ni Ó ti tò ó. Nítorí náà, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tó lè pa ẹnu mọ́, tí kò ní ya ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu, tí kò sì ní fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹnì kan ní nǹkan, ẹ tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ńlá kankan; sáàmù kan láàárọ̀ tó fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ padà sí àárín ìjọ, kí ẹ sì jókòó bí gbogbo èèyàn. Ẹ má tíì gba ipò.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, èmi gan-an ni mo ti ṣẹ̀ sí i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin kan tí ọtí ti gbé kúrò nínú ìgbàgbọ́ padà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sunkún, ó jẹ́wọ́, inú mi dùn débi pé nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé gbohùngbohùn fún un kó wá jẹ́rìí. Ìjọ pariwo. Àwọn ìjọ mìíràn gbọ́, wọ́n ní kó wá sọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn náà, èmi ni mo sì ń mú un lọ. Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Nicaea ní ọdún 325 ní kí àwọn tó sẹ́ ìgbàgbọ́ láìsí ipá lo ọdún mẹ́ta láàárín àwọn olùgbọ́, ìyẹn àwọn tó kàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀, méje nínú ìrẹ̀sílẹ̀, méjì nínú àdúrà láìjẹ oúnjẹ Olúwa. Ọdún 12! Mi ò ní kí a padà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, mo ti kọ́ ọ fún àwọn ẹlòmíràn, èmi náà ló sì fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tó máa jẹ́rìí lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti tún mutí. Ta ló fẹ́ sọ fún? Òun ni ẹ̀rí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Kò sí ibi tó ti lè sọ pé eegun òun tún ti yẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀keje, kò wá mọ́. Mo lọ sílé rẹ̀. Kò ṣílẹ̀kùn. Láti inú ilé ló ti ní, "Pásítọ̀, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi."

Mo tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mo sì lọ. Mo padà lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, fún ọdún púpọ̀. Ó máa ń ṣílẹ̀kùn báyìí. Òun ló ní kí n kọ eléyìí, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Mi ò ní kó wá sí ìjọ, mi ò sì ní kó gbàdúrà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó ní bóyá kí n gbà á fún àwa méjèèjì. Mo gbà á, mo ṣe é ní kúkúrú.