Nọ́ọ̀tù Ọ́ìlì Tó Kọ̀, Tí Kò Tú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Hilux àtijọ́ ni mo fi ń kó gààrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tù abẹ́ rẹ̀, tí a ń tú kí ọ́ìlì lè dà jáde, kò tú. Sípánà 14 ń yọ̀ lórí rẹ̀, 13 kò sì wọ̀ ọ́. Kí ló ń ṣe é?

Ìdáhùn: Nǹkan kan ò ṣe nọ́ọ̀tù, àbúrò. Ọwọ́ ẹni tó dè é kẹ́yìn ló fa wàhálà. Àwọn kan máa ń ti páìpù bọ ìdí sípánà kó lè le, kí ọ́ìlì má baà jò. Agbára kọ́ ló ń dí ọ́ìlì, wáṣà pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀tù ni. Ó rọ̀; bí o bá ti ń dè é, á fún pọ̀, á sì dí àlàfo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wáṣà bàbà tàbí ti àlúmíníọ̀mù ń fún pọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá tún lo ògbólógbòó, á jò, á tún un fún, á tún jò. Ibẹ̀ ni orí nọ́ọ̀tù ti ń di róbótó.

Ìbéèrè: Báwo ni n ó ṣe wá tú u?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ mọ apá ibi tí o ń yí i sí. Má rẹ́rìn-ín! Èmi náà ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ rí, mo rò pé mò ń tú u, àṣé mò ń dè é. Bí o bá kọjú sí orí nọ́ọ̀tù, ọwọ́ òsì ni, bí ìgbà tí a ń ṣí ìdérí ìgò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti na ọwọ́ sí i, á dà bíi pé ó yí padà.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe kó gbóná janjan. Má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ o, fi igi tó nípọn tì í. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha amọ̀ pupa tó ti gan mọ́ ọn.

Sípánà 13 tí kò wọ̀ ọ́ yẹn gan-an la fẹ́. Wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 onígun mẹ́fà, kì í ṣe onígun méjìlá, kí o fi òòlù gbá a wọlé. Tó bá ti dì í mú, já a lójijì. Má máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, wẹ́dà ló kù, kó lẹ nọ́ọ̀tù mìíràn mọ́ ọn lórí. Iná yẹn fúnra rẹ̀ máa ń tú ìdè rẹ̀. Yọ orí bátìrì kó tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì rí i pé pẹtiróò ò jò níbì kankan.

Ra tuntun. Ibi tó ń wọ inú ihò lára ti Toyota yìí sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 12, àlàfo láti eyín rẹ̀ kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.25. Tí wọ́n bá tà ọ́ ní ti 1.5, á wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á wá dúró. Bí o bá fi sípánà tì í, o ti ba eyín inú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, jẹ́ nìyẹn. Ìka ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì máa ń dà sórí irin tó wà níwájú rẹ̀, á wá dà káàkiri ilẹ̀.

Ìdáhùn: Gé ẹ̀gbẹ́ kégì kan, kó dà bí gọ́tà etí òrùlé, tì í sábẹ́ ihò. Tọ́jú ọ́ìlì dúdú náà fún káfíńtà, wọ́n ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán.

Ìbéèrè: Ti gíà ńkọ́?

Ìdáhùn: Tú nọ́ọ̀tù òkè, tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí o tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú lọ́jọ́ kejì Iléyá kan, gbogbo ọ́ìlì dà tán, ti òkè kọ̀ jálẹ̀, kò sì sí mẹkáníìkì kankan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e.