Iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan lójú àwọn olólùfẹ́ fíìmù ní Àkúrẹ́

Kúnlé Afọláyan jẹ́ òṣèré, olùdarí àti olóòtú fíìmù ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Ìgbómìnà láti ìpínlẹ̀ Kwara. Adéyẹmí Afọláyan, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ade Love, ni bàbá rẹ̀. Ade Love wà lára àwọn tó gbé eré orí ìtàgé Yorùbá bọ́ sínú fíìmù; ó kópa nínú Àjàní Ògún tó jáde ní 1976, ó sì kú ní 1996. Láyé ìgbà náà, ńṣe ni àwọn eléré ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi í hàn láti ìlú dé ìlú, nítorí náà àwọn àgbà kan wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé bàbá ni wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó mọ ọmọ.

Kúnlé kì í ṣe ọmọ Oǹdó. Síbẹ̀, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn fíìmù bá ti ń tàkurọ̀sọ ní Àkúrẹ́, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ jẹyọ, nítorí pé ìtòsí wọn níbẹ̀ ló ti ya October 1, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù rẹ̀ tó lókìkí jù lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fojú sí gbogbo ohun tó bá gbé jáde, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ẹbí.

Kí October 1 tó dé

Afọláyan ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí. Ó kópa nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání darí tó sì jáde ní 1999. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ṣẹ́ ní New York Film Academy, ó dá ilé-iṣẹ́ Golden Effects sílẹ̀, ó sì gbé Ìràpadà jáde ní 2006.

The Figurine ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dárúkọ nílé lóko. Ó jáde ní 2009, ó sì gba ẹ̀bùn márùn-ún níbi AMAA, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ. Àwọn àgùnbánirọ̀ méjì rí ère kan nínú igbó. Ọdún méje ni oore fi ń wọlé tọ̀ wọ́n, ọdún méje mìíràn sì jẹ́ ti àdánù. Ṣé ère náà ló fà á, àbí ọwọ́ ènìyàn? Afọláyan fi ìdáhùn sílẹ̀ fún òǹwòran, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fíìmù yìí kò fi tíì tán nílẹ̀. Phone Swap tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ní 2012, jẹ́ ti ẹ̀rín.

Akóté

October 1 jáde ní 2014. Ìgbà tí òmìnira Nàìjíríà ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, ní 1960, ni ìtàn rẹ̀ wáyé. Ìjọba àwọn òyìnbó rán Dánládì Wàzírì, ọlọ́pàá ará òkè Ọya, wá sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Akóté ní ilẹ̀ Yorùbá, pé kó wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ rí kí àsíá tó yí padà. Sadiq Daba ló ṣe Wàzírì. Kò pariwo, kò sáré. Ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀ àti bó ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn ọ̀rọ̀ ti tó láti fi hàn pé ẹrù wúwo wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Tunde Babalola ló kọ ìtàn yìí. Deola Sagoe tó rán aṣọ àwọn òṣèré náà ló tún ṣe Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nínú rẹ̀.

Akóté kò sí níbì kankan lórí máàpù. Ìlárá-Mọ̀kín, Àkúrẹ́ àti àyíká wọn ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ àdúgbò tó bá ń wò ó kì í wá apààyàn nìkan: ilé, igi àti ọ̀nà tó wà lẹ́yìn àwọn òṣèré ló ń fojú wá. Yóò ní kí wọ́n dá a dúró, yóò nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kan lójú tẹlifíṣọ̀n, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀. Fún ìlú tí kámẹ́rà kì í sábà yà sí, ohun ìwúrí gidi ni.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n fi kan fíìmù náà, ó sì tọ̀nà. Yorùbá tó wọ́pọ̀ nínú fíìmù gbogbo ló gba ẹnu àwọn ará Akóté, kì í ṣe ohùn Àkúrẹ́ tàbí ti Ìlárá. Òótọ́ ni pé ìlú àtinúdá ni Akóté, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé báyìí ni kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ohùn Èkó àti ti Ọ̀yọ́ nínú fíìmù láti kékeré, tí kò gbọ́ ohùn ìyá tirẹ̀ rí, kò jẹ̀bi bó bá béèrè.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ yà sí

Lẹ́yìn 2014, ọ̀nà rẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́. The CEO, tó jáde ní 2016, kó òṣèré jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, Angélique Kidjo olórin sì wà lára wọn. Ní 2019 ló ṣe Mokalik, tí kò kúrò ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì láti àárọ̀ títí dalẹ́: bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí àràbarà kankan nínú rẹ̀. Epo ọkọ̀, àríyànjiyàn, oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó sì yẹ kí iye ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju báyìí lọ.

Netflix, tí wọ́n ti ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wá gba ipò sinimá. Citation dé orí rẹ̀ ní 2020, Swallow àti A Naija Christmas tẹ̀ lé e ní 2021. Èyí yí bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù ní Àkúrẹ́ padà. Ẹni tó bá lọ sí Filmhouse, ilé sinimá tó wà nígboro, mọ̀ pé gbogbo àwọn tí àwọn jọ jókòó ló rí ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí fíìmù di ti orí fóònù, ẹni tó ní dátà rí i lóru ọjọ́ tó jáde, ẹnìkejì rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kẹta gba ayédèrú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń da fíìmù sórí fóònù fúnni. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè: “Ṣé o ti wò ó tán?”

Aníkúlápó, tó jáde ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án 2022, ló dá ìjà sílẹ̀ jù. Sàró, ahunṣọ àlejò, wọ Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, ó fẹ́ Arọ́lákẹ́ tó jẹ́ ayaba, wọ́n lù ú pa, ẹyẹ Àkàlà sì jí i dìde. Agbára àtijíǹde bọ́ sí i lọ́wọ́, ìgbéraga sì bà á jẹ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi AMVCA 2023, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù mìíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn kan ní Afọláyan ti padà sílé, sídìí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ ẹni tó ṣe The Figurine, tó máa ń fi òǹwòran sínú iyèméjì. Wọ́n ní àlọ́ tí gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ hàn gbangba ni ti Sàró. Ẹ̀yìn àwọn ti àkọ́kọ́ ló yẹ kéèyàn wà lórí ọ̀rọ̀ èdè. Lórí ọ̀rọ̀ ìtàn, àwọn ti kejì ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń retí

Ìjọ̀gbọ̀n jáde ní 2023. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2024 ni Aníkúlápó padà dé, tó ti di eré alápá púpọ̀: wọ́n ní kí Sàró padà wá sáyé, kó wá mú gbogbo àwọn tó jí dìde padà lọ. Àwọn tó dàgbà sínú pátì wọ̀n, pátì tú láyé káàsẹ́ẹ̀tì mọ irú ìrètí bẹ́ẹ̀ dáadáa, inú sì máa ń bí wọn bí ìtàn bá dúró lójú ọ̀nà. Ní òpin 2024, ọ̀rọ̀ gba ìgboro pé Netflix ti ń dín owó tó ń ná sórí fíìmù Nàìjíríà kù. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò kúrò, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti wọlé sọ́kàn àwọn òǹwòran nípa ẹni tí yóò máa sanwó irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí yóò ti ya fíìmù tún wà níbẹ̀. Afọláyan ti kọ́ abúlé fíìmù tirẹ̀ sí Ìgbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà kò nílò láti máa wá ìlú àtijọ́ kiri mọ́. Fún iṣẹ́ rẹ̀, ó dára. Ní Oǹdó, àwọn kan ń wo Òkè Ìdànrè, tó ní ààfin àtijọ́, ilé-ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ lórí òkè, tó sì ti wà nínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé láti 2007. Wọ́n ní kò sí abúlé tí ènìyàn lè fi owó kọ́ tí yóò dà bí ibẹ̀. Bí olùdarí kankan bá sì gun òkè náà lọ ya fíìmù, ohùn Ìdànrè ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀, kí wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Èkó.