Ìjì tó ń ṣáájú òjò

Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, tí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ rọ̀, apá ìlà-oòrùn ló kọ́kọ́ ń ṣú. Ooru á ti mú láti ọ̀sán, ewé kan ò ní mì. Àfi kí atẹ́gùn tútù ṣàdédé já wọ àdúgbò: eruku á gba ojú títì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á fò kọjá òrùlé, ewúrẹ́ á sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ò tíì kán o. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni páànù máa ń ṣí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé atẹ́gùn yẹn ló ń gbé òjò bọ̀. Òjò gan-an ló bí i.

Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti òkun Àtìláńtíìkì á máa wọlé wá. Oòrùn á mú un gbóná, á fúyẹ́, á gòkè. Lókè ló ti ń tutù tó fi ń di ìkùukùu, èyí tó lè ga ju kìlómítà 12 lọ. Atẹ́gùn mìíràn tó ń fẹ́ lókè, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4, ló ń tì í láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn.

Omi tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu yìí ní láti gba inú afẹ́fẹ́ tó ṣì gbẹ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ dànù kó tó délẹ̀. Bí àmù amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní Dàda, ní Òkèlélé, ṣe ń ṣe náà ni: omi díẹ̀ ń sun gba ara àmù jáde, ó ń gbẹ, ó ń kó ooru lọ, ni omi inú rẹ̀ fi ń tutù láìsí fíríìjì. Òjò tó ń gbẹ lójú ọ̀run náà ń sọ afẹ́fẹ́ di tútù, afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo. Á já wálẹ̀ wìì, á kanlẹ̀, á tú ká bí omi tí wọ́n dà sórí sìmẹ́ǹtì, á sì sáré ṣáájú òjò. Lóṣù kẹsàn-án, òjò pọ̀ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ti rin, nǹkan díẹ̀ ló ń gbẹ nínú rẹ̀; ìjì rẹ̀ kì í sábà le tó ti oṣù kẹta àti ìkẹrin. Àwọn àgbà tó ní Ọya ló ń ṣáájú Ṣàngó ọkọ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí.

Atẹ́gùn tó ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń ti ògiri bíi kílò 48 lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó gba orí òrùlé kọjá tún ń fa páànù sókè, èyí tó gba fèrèsé wọlé á máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn fi yẹ kó kọ́kọ́ wà ní títì.

Páànù kì í sábà dá lọ. Ìṣó lè dì í mọ́ igi dáadáa, kí igi má di ògiri mú. Gbogbo rẹ̀ á wá gbéra pọ̀ bíi fìlà. Irin tí káfíńtà ń fi so igi mọ́ ògiri kò wọ́n tó páànù rárá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kan sílìǹ, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ tówó ò bá tó.