Àwìn sọ Òṣómàáló di olówó, kí ló dé tó ń pa ṣọ́ọ̀bù tiwa?

Ìbéèrè: Òṣómàáló ni bàbá mi àgbà. Aṣọ ló ń gbé kiri láti Iléṣà, àwìn ló sì ń tà, síbẹ̀ ó kọ́lé, ó rán ọmọ níléèwé. Èmi náà ń ta ọjà láwìn lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ń ṣófo. Kí ni wọ́n mọ̀ tí èmi ò mọ̀?

Wọ́n mọ̀ pé àwìn ní owó tirẹ̀. Òṣómàáló kì í ta aṣọ àwìn ní iye tí ẹni tó mówó lọ́wọ́ máa rà á. Oṣù tó máa fi dúró, ẹsẹ̀ tó máa fi rìn padà wá gbowó, àti ẹni tó lè má san láàárín àwọn oníbàárà, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú iye tó dá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á, ó sì mọ ìgbà tí owó ń wọlé fún oníbàárà. Bó bá jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó ló tà fún, ó mọ̀ pé ìgbà ìkórè lowó dé, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá lọ. Ọjọ́ bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde àfi tówó bá jáde.

Tiwa ńkọ́? Iye kan náà la ń ta àwìn àti owó lọ́wọ́, a kì í dá ọjọ́, ojú sì tún ń tì wá láti béèrè.

Ìbéèrè: Ṣé gbèsè ẹnì kan ṣoṣo lè da òwò rú?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ra páálí ọṣẹ ní ₦9,000, ẹ ń tà á ní ₦10,000. Tí ẹnì kan bá gbé páálí kan tí kò san, ₦9,000 ojú owó yín ló gbé lọ. Páálí 9 mìíràn lẹ máa tà, láì fọwọ́ kan èrè wọn, kí ojú owó yẹn tó padà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í sì rí ni ti oníbàárà rere tó san pérépéré, ṣùgbọ́n tó pẹ́. Ká ní owó páálí 10 lẹ ní lápapọ̀, ₦90,000. Tí ẹ bá ń tà á tán lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ ń padà lọ rà, èrè ₦10,000 lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, ₦40,000 nìyẹn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún aláwìn tó san níparí oṣù, ₦10,000 péré ni. Ẹnikẹ́ni ò jẹ yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ₦30,000 ti fò lọ. A ò tíì sọ ti ọjà tó máa ń wọ́n sí i kówó tó dé o.

Ìbéèrè: Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè fowó lé ọjà àwìn?

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé iye àwìn lè ju ti owó lọ́wọ́, tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti fẹnu kò sí iye kan kó tó gbé ọjà. Kí ẹ máa fi kún un nítorí pé ó pẹ́ ni wọ́n kọ̀. Ẹ bi ààfáà yín. Lójú tèmi, kódà Kìrìsìtẹ́nì lè lo ìlànà yẹn, ìjà ò ní pọ̀.

Ìbéèrè: Màmá àdúgbò tó ti ń bá mi rajà tipẹ́ ní òun fẹ́ gba àwìn. Báwo ni mo ṣe máa sọ pé rárá?

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ iye kan sọ́tọ̀ fún àwìn, láti inú èrè, kì í ṣe ojú owó. Ó bá tán, ẹ ní, “Ẹ má bínú, mà, àyè àwìn oṣù yìí ti kún.” Òótọ́ ni, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Páálí tí a kọ “Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la” sí ò ran nǹkan kan. Kálukú ló gbà pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú ẹni tó gbà á: ọjà, iye, ọjọ́ tó máa san. Kí ọjọ́ náà bá ìgbà tówó ń wọlé fún un mu. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ń retí owó oṣù. Alásè ń retí ọjọ́ ọjà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí kò tíì san ti àná, kó má gba tòní: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ìbéèrè: Ẹnì kan jẹ mí láti ọdún tó kọjá, kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?

Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè lásán, ẹ má fowó ọkọ̀ ṣòfò. Ẹ má sì lọ lóṣòó o, ayé ti yí. Onígbèsè yín ń lọ fowó lọ́wọ́ rajà níbòmíì nítorí ojú ń tì í, èrè méjì lẹ sì ń pàdánù yẹn. Ẹ lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́, kì í ṣe níwájú àna rẹ̀. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé kó máa san ₦500 lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kó padà wá máa rajà lọ́dọ̀ yín, owó lọ́wọ́.